Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré Tí A Ṣe fún Òkú Ẹ̀gbọ́n Mi

Mo rí yín bí ẹ ṣe ń wo fóònù yẹn, tí ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ òkèèrè ń sáré nínú rẹ̀ bí ẹni tí oyin lé. Ẹ wò ó tán, ẹ fi ìka kàn án, ó kú. Àwa gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú irin ní Bàntẹ̀ yìí rí, níbi tí kò sí ojú irin kankan nílẹ̀. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa. Ẹ ṣáà jókòó kí n sọ ọ́, nítorí nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ló kù. Mo sì ń sọ fún yín ṣáájú pé ohun tó dàrú mọ́ mi lójú nínú ọ̀rọ̀ náà ju ohun tó yé mi lọ.

Ayé ìgbà náà ní ìró tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ewìrì Òjó alágbẹ̀dẹ ni etí á kọ́kọ́ gbọ́, fùù, fùù, bí àgbàlagbà tó ń sùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni odó àwọn obìnrin, láti agboolé dé agboolé. Ìyàwó tí odó rẹ̀ bá pẹ́ kó tó dún, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé oorun ti jí i gbé. Ní báyìí, ẹ̀rọ ní ń lọ nǹkan fún yín, ẹ ò sì mọ ẹni tó jí yàtọ̀ sí ẹni tó ṣàìsàn.

Ẹ̀gbọ́n mi Ṣàbí, ọmọ ìyá mi, kò ṣe oko. Ọkọ̀ ojú irin ló ṣe, láti Kútọnu dé Pàràkú. Nígbà tí orí ọkọ̀ ṣì ń jẹ igi, tó ń mu omi bí màlúù, òun ni ó ń fi igi bọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n mú èyí tí ń mu epo dé, ó kọ́ ìyẹn náà. Ọdún iṣu nìkan ní ń gbé e wálé. Yóò sọ̀kalẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, yóò wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Bàntẹ̀, òórùn epo á ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìyá wa á ní, "Ṣàbí, lọ wẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan iyán mi." Òun á ní, "Ìyá, mo ti wẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́." Ìyá á ní, "Ọṣẹ Ṣábẹ̀ẹ́ ò mọ̀ ẹ́."

Ikọ́ ló pa á. Ìgbà náà ni ayé kàmáráàdì, tí orílẹ̀-èdè wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ tuntun, tí a ń pe àgbà àti ọmọdé ní kàmáráàdì, tí ẹnu ń ro wá. A gbé e wálé, a sin ín. Sísin kò nira. Gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló kù.

Ẹ ò mọ ìyẹn mọ́. Ní agboolé wa, bí àgbà bá kú, iṣẹ́ tó ṣe láyé kò gbọdọ̀ bá a lọ. A ó tẹ́ ẹní rẹ̀ síta, iṣẹ́ náà á tún ṣe lẹ́ẹ̀kan péré lójú gbogbo ẹbí: ìbọn ọdẹ á ró, ẹ̀rọ aránṣọ á rán aṣọ díẹ̀, ewìrì alágbẹ̀dẹ á fẹ́ná. Lẹ́yìn náà olórí ẹbí á na ọwọ́, á gbà á. Ọjọ́ yẹn ni opó á bọ́ aṣọ dúdú. Bí ìbọn bá kọ̀ tí kò ró, opó á padà sínú yàrá, a ó dá ọjọ́ mìíràn. Bàbá Àjàyí ni olórí ẹbí wa nígbà náà, ọkùnrin tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ tí kò bá tí ì jẹ obì.

Mo gbé fìlà ẹ̀gbọ́n mi àti fèrè rẹ̀ lọ bá a.

"Kí ni èyí?"

"Fèrè iṣẹ́ rẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé fèrè ló ń gbé èèyàn lọ sí Pàràkú?"

"Rárá, Bàbá. Ọkọ̀ ni."

"Kí ọkọ̀ rìn nígbà náà."

Mo ní Ṣábẹ̀ẹ́ jìnnà, àwọn aláṣẹ kò sì ní yá wa ní orí ọkọ̀ torí òkú. Ó bu obì jẹ. Òjó alágbẹ̀dẹ tó jókòó nítòsí ló yọ mí. Ó ní, "Bí a ò rí ńlá, a ó ṣe kékeré. Ọmọ ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà ni." Bàbá ní, "Bó bá ti lè rìn lágbára ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tì í, mo gbà."

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni Àbẹ̀kẹ́, opó ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ Alákẹ́ wà ní ilé ọkọ ní Sàvàlú, ó gbé oyún àkọ́bí. Ọmọ Mahi ni ọkọ rẹ̀, Dòsú, èèyàn jẹ́jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ìyá ni ń wẹ àkọ́bí. Bẹ́ẹ̀ sì ni opó tó wà nínú aṣọ dúdú kò gbọdọ̀ wọ ilé tí ọmọ tuntun wà. Ọmọ méjì ti kú mọ́ Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, Alákẹ́ nìkan ló kù fún un láyé. Kò béèrè ju kó débẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan ó pè mí láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ọkọ ni ó ń pe gbogbo wa tó bá nílé, bí aya ilé tó mọ̀wàá hù.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi sọ fún àwọn alágbẹ̀dẹ yín pé oyún kì í dúró de irin."

Òjó ni ẹnì kan nínú àwọn oníṣẹ́ náà. Ará Kòkò ni, ọwọ́ rẹ̀ nípọn, ẹnu rẹ̀ mú. Ẹnì kejì ni Múfútáù, atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó ti Ìsẹ́yìn wá, tó ń ta epo inú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tó sì ń gun alùpùpù. Òun nìkan nínú wa ló ti jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin. Réluwè ni ó ń pè é. Òjó á ní, "Ìwọ tí o wọ̀ ọ́, ṣé o wo abẹ́ rẹ̀?" Múfútáù á ní, "Ṣé ìwọ tí o ń jẹ adìyẹ máa ń wo abẹ́ rẹ̀ ni?"

Àgbá idẹ tí wọ́n ń fi fín oògùn sí òwú ni a fi ṣe ìkòkò omi rẹ̀. Múfútáù gé pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ méjì kúrú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, pé èéfín omi ni yóò máa ti ọ̀pá inú wọn lọ, tí yóò sì máa fà á bọ̀. Òjó yọ́ ìkòkò funfun tó ti jò, ó dà á sínú yanrìn, ó fi ṣe àgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀pá irin fèrèsé ni a tẹ́ sórí pákó, ìyẹn ni ojú irin. Sódàbì, ọtí líle tí a ń sè láti inú ẹmu, ni iná rẹ̀, nínú agolo, pẹ̀lú òwú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bu sódàbì. Láìpẹ́ a rí i pé sódàbì ń dín kù ju bí iná ti ń jó lọ.

Múfútáù, tí kì í mu ọtí, ní, "Òjó, ọkọ̀ ni kó mu ún, kì í ṣe ìwọ."

"Mò ń tọ́ ọ wò ni. Ṣé o fẹ́ kí a fi ọtí burúkú pa ọkọ̀ olókùú?"

Bàbá Àjàyí kó ìgò sódàbì náà lọ sínú yàrá rẹ̀, ó tì í. Láti ọjọ́ náà, bí a bá fẹ́ dáná, a ó kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a dá, àwọn ìbátan wá láti Lúgbà àti Àtòkólìgbé, wọ́n ru iṣu wá. Àbẹ̀kẹ́ ti di ẹrù rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn. A dáná. Omi hó, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé bí obìnrin tí wọ́n já kulẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, òjé tí Múfútáù fi lẹ ìdí àgbá yọ́ bí òrí, omi gbígbóná dà sórí iná, èéfín bo gbogbo wa. Ewúrẹ́ Bàbá já okùn, ó gba orí ẹní òkú kọjá.

Bàbá Àjàyí nu ojú rẹ̀. "Ṣé bó ti máa ń ṣe ní Pàràkú nìyẹn?"

Òjó ní òjé ni kò dára. Múfútáù ní omi tí a bù ló kéré, pé òjé kì í yọ́ níbi tí omi bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jàre, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ nígbà náà? Bí ọ̀kan bá sọ̀rọ̀, mo gbà. Bí èkejì bá sọ̀rọ̀, mo tún gbà. Àbẹ̀kẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ padà sínú yàrá, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Òjó tú gbogbo òjé náà dànù, ó fi idẹ jó ìdí àgbá náà pọ̀. Ìyẹn kò yọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n èéfín kò ti nǹkan kan. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá inú pọ́ńpù jáde, sììì, bí ejò. Awọ tó wà lẹ́nu ọ̀pá náà ti jiná, ó ti ká kò bí pọ̀nmọ́. A fi awọ tuntun, ó jiná. A fi rọ́bà táyà, ó lẹ̀ mọ́ inú, a fi òòlù yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Múfútáù fi òwú tí ìyá àgbà kan nínú agboolé ran wé ọ̀pá náà, ó fi òrí kùn ún dáadáa. Sììì náà dákẹ́. Òórùn òrí gbígbóná gba agboolé, àwọn ọmọdé rò pé a ń dín nǹkan.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ wá ń gbìyànjú. Á yí díẹ̀, á dúró gbọn-in. Bí a bá fi ìka tì í, á tún yí, á tún dúró níbì kan náà. Bàbá sì ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tì í. A tú u, a tò ó. A wo irin bóyá ó wọ́. A fi òrí sí gbogbo ibi tó ń yí. Òjó bú irin, Múfútáù bú pákó. Mo bá wọn bú méjèèjì. Bí ó ṣe di ohun tí ń bá wa ṣeré nìyẹn, tí orí ń fọ́ wa. Oṣù sì ń lọ, oyún Alákẹ́ ń wálẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ló yanjú ìyẹn, láti inú yàrá. Ọdún iṣu ti dé, gbogbo agboolé ń gún iyán, òun nìkan ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan odó. Ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ tiwọn, ó ń gbọ́ tiwa.

"Ọkọ mi!"

"Àbẹ̀kẹ́, mò ń gbọ́."

"Nǹkan yín yẹn, àwọn tó ń gún un kò mọ̀ ọ́n gún. Ọmọ odó méjèèjì ń bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà."

Òjó ní kí ni obìnrin yìí ń sọ. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Bí méjèèjì bá jọ wà nísàlẹ̀, ta ni yóò gbé èkejì rẹ̀ dìde? Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wà nísàlẹ̀ kí èkejì ṣì wà lọ́nà. Ṣé ẹ ò jẹ iyán rí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. A ti de ọ̀pá pọ́ńpù ọ̀tún àti ti òsì sí ojú kan náà lára ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bá jọ dé òpin, kò sí èyí tí yóò fa èkejì. Òjó tú apá òsì, ó yí i díẹ̀, ó tún un dè. A lọ bẹ Bàbá fún sódàbì. A dáná. Ó dún, kò dún bí ẹni tí ń pòṣé mọ́: gbì-gbí, gbì-gbí, bí ìyàwó méjì tó mọ ọwọ́ ara wọn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí, kò dúró. Mo rí Òjó tó ń sunkún, ó ní èéfín ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó ń lọ.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. A kọjú rẹ̀ sí ìlà oòrùn, ó lọ sí ìwọ̀ oòrùn. A yí gbogbo rẹ̀ padà, ó tún fi ìdí rìn. Àwọn àgbà tó wá wò ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Bàbá kan láti Lúgbà sọ pé Ṣàbí kò fẹ́ lọ ni, pé ó fẹ́ padà wálé. Irun mi dìde. Múfútáù ní kì í ṣe òkú, pé ihò ni. Ó ní ọ̀pá tó ń mú èéfín wọlé àti èyí tó ń mú un jáde, ìdí wọn ti pààrọ̀, kí a ṣáà fi èyí sí ipò ìyẹn.

"Ta ló dè wọ́n bẹ́ẹ̀?" Òjó béèrè.

"Ìwọ ni."

"Ìwọ lo lu ihò."

"Ibi tí o fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ni mo lu."

"Ọmọ Ìsẹ́yìn, o ti fi kẹ̀kẹ́ ba orí ara rẹ jẹ́."

"Ọ̀mùtí, orí tìrẹ wà nínú ìgò Bàbá."

Ìjà bẹ́. Bàbá Àjàyí ní kí oníkálùkù máa lọ sílé, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan náà lójú ẹnì kejì, kí wọ́n má baà pa ara wọn sórí òkú. Kò sì fún ẹnikẹ́ni ní sódàbì mọ́ títí di ọjọ́ ìnáwó. Òjó àti Múfútáù kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, n kò sì rí nǹkan kan gbọ́ ju èébú lọ.

Ọjọ́ náà pé. Ìròyìn ti dé láti Sàvàlú ní ìdájí pé ìrora ti mú Alákẹ́. Àbẹ̀kẹ́ jáde nínú aṣọ dúdú, ó jókòó sẹ́yìn ẹní ọkọ rẹ̀, níbi tí opó ń jókòó. Ọkọ̀ kékeré wà níwájú ẹní. Ojú irin kọjá sí iwájú dé ẹsẹ̀ àwọn àgbà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹní lọ sẹ́yìn, torí pé pákó tí a rí gùn ju bí a ti fẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ gé e. Bàbá Àjàyí dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Òjó jókòó lápá kan, Múfútáù lápá kejì, oníkálùkù ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ nǹkan tí ẹnì kejì kò mọ̀. Mo rí ẹ̀rín náà. Kò yé mi.

Mo dáná. Omi hó. Gbì-gbí. Ọkọ̀ mì, ó sì rìn. Ẹ̀yìn ló lọ.

Ó fi ìdí gba ẹ̀gbẹ́ ẹní òkú kọjá, jẹ́jẹ́, kò yára, ó ń dún bí odó, ó dé ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ níbi tí ojú irin ti tán, ó kàn án lẹ́sẹ̀, ó dúró. Ọwọ́ Bàbá Àjàyí ṣì wà nínà sí afẹ́fẹ́.

Òjó fò dìde. "Irọ́ ni! Mo ti yí i padà!"

"Ìwọ yí kí ni padà?" Múfútáù náà ti dìde.

"Àwọn ọ̀pá náà! Lánàá, lẹ́yìn ọjà."

"Wàláhi! Èmi náà yí i láàárọ̀ yìí!"

"Ta ló ní kí o yí i?"

"Ta ló ní kí ìwọ yí i?"

Ẹ rí nǹkan. Òjó tún un ṣe, ó dára. Múfútáù tún èyí tó dára ṣe, ó sì bàjẹ́ padà. Kò sí sódàbì tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè fi dán an wò. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ti ń sunkún. Bàbá Lúgbà ń pariwo pé ṣé òun kò sọ, Ṣàbí ló ń padà. Òjó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun yí ọ̀pá náà kíá, kí a tún un ṣe. Ẹbí kọ̀: ìbọn òkú kì í ró lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Mo wo Àbẹ̀kẹ́. Ojú rẹ̀ wà lára nǹkan kékeré tó ń rú èéfín níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dá ọjọ́ mìíràn, ọwọ́ ẹlòmíì ni yóò wẹ ọmọ náà.

Bàbá Àjàyí sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó mú obì, ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Ó rìn àbí kò rìn?"

A ní ó rìn.

"Ẹnikẹ́ni tì í?"

A ní rárá.

"Nígbà náà àwa ni a jókòó síbi tí kò yẹ. Àbẹ̀kẹ́, gbà á."

"Bàbá, obìnrin kì í gbà á."

"Ẹni tí iṣẹ́ tọ̀ wá ní ń gbà á. Gbà á, kí n jókòó, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan idẹ náà, ó jó o, ó fa ọwọ́ padà. Ó tún fẹ́ gbé e, ó jó o. Lójijì ó fa aṣọ dúdú èjìká rẹ̀ yọ, ó fi wé ọkọ̀ náà bí ẹni pọn ọmọ, ó gbé e mọ́ àyà. Báyìí ni aṣọ ọ̀fọ̀ kúrò lára rẹ̀, kò sí obìnrin kan tó bá a bọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò tọ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa jiyàn rẹ̀ tán, ó ti wà lẹ́yìn alùpùpù Múfútáù, eruku ọ̀nà Sàvàlú ti bò wọ́n.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú iṣu. Mo bá Àbẹ̀kẹ́ lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé Dòsú, ọmọ lórí itan rẹ̀, ó ń bu omi sí i lórí. Ìyá Dòsú di igbá omi gbígbóná mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èdè Mahi ni ó ń sọ, Àbẹ̀kẹ́ ń fi tiwa dá a lóhùn, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn. Alákẹ́ nà gbalaja sórí ẹní, ó béèrè lọ́wọ́ mi kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Mo ṣàlàyé fún un: ọ̀pá tí ń mú èéfín wọlé, èyí tí ń mú un jáde, bí Òjó ti yí i, bí Múfútáù ti tún yí i, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ní láti lọ, kò lè lọ síbòmíì. Ó yé mi dáadáa bí mo ti ń sọ ọ́. Mo sọ ọ́ tán, kò yé mi mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ nu ojú ọmọ náà.

"Ọkọ mi," ó ní, "gbogbo èyí tí ẹ sọ ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó níbẹ̀. Mo rí i tó ń bọ̀."